Okùn Ìdí Ìwọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Apẹja Fọwọ́ Ara Rẹ̀ So

 

Iṣẹ́ tí àwọn tó pè mí rán mi kò gùn. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí okùn kékeré tó wà láàárín okùn ńlá àti ìwọ̀, èyí tí àwọn tó ń fi ọ̀pá pẹja fún ìgbádùn ń pè ní lídà. Okùn ìdí ìwọ̀ ni èmi yóò máa pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ju mítà mẹ́ta lọ. Àwọn ènìyàn ń náwó lórí ọ̀pá, wọ́n ń náwó lórí kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn, wọ́n á wá ra okùn ìdí ìwọ̀ tí wọ́n ti so tán sínú ọ̀rá láti òkè òkun, wọ́n á ya á, wọ́n á so ó, ó di inú omi. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba mítà díẹ̀ yẹn ni ẹja ń rí. Òun ni eyín ẹja ń gé, òun ni yanrìn ń ha. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ so ó lè so ó bá omi tó wà níwájú rẹ̀ mu. Omi etíkun Ẹlẹ́kọ wa níbí kọ́ ló wà lọ́kàn àwọn tó so èyí tó wà nínú ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá dé etíkun yìí ní àárọ̀ á rí àwọn tó ń fa àwọ̀n ńlá wá sórí yanrìn, ìlà ènìyàn méjì tó gùn gbọọrọ. Àwọ̀n yẹn ni gbogbo ojú ń wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ẹ̀gùn, àti àwọn Kéta tí wọ́n ti ìhà Gánà àti Tógò wá tẹ̀dó sí etíkun wa, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Okùn gígùn kan ni wọ́n ń tẹ́ sínú omi, ìwọ̀ púpọ̀ á sì wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí okùn kékeré tirẹ̀. Okùn kékeré yẹn kì í le tó okùn ńlá, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ìwọ̀ bá há sí kùkùté, okùn kékeré ló máa já. Ìwọ̀ kan lọ, ìyókù padà wálé. Ká ní bákan náà ni wọ́n ṣe le, okùn ńlá ni ì bá já, tìwọ̀ tìwọ̀, tẹja tẹja, gbogbo rẹ̀ ì bá bá omi lọ. Ẹni tó ń so ó tún mọ ìdí tí kò fi gbọdọ̀ gùn jù: bí ó bá gùn jù, á lọ́ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Mi ò rí ilé ìtajà tó ń ta irú okùn kékeré bẹ́ẹ̀ ní síso. Apẹja fúnra rẹ̀ ló ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń so ó. Nítorí náà, kì í ṣe nǹkan àjèjì ni mo gbé wá fún Ẹlẹ́kọ. Ẹ̀ka mìíràn lára ìmọ̀ tó ti wà níbí tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀ka náà ni wọ́n ń pè ní fly fishing, ìyẹn fífi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ pẹja. Wọn kì í fi ìdẹ sí ìwọ̀ yìí. Ìyẹ́ adìẹ, irun ẹran àti fọ́nrán dídán ni wọ́n ń fi òwú dì mọ́ ọn lára títí á fi jọ kòkòrò tàbí ẹja wẹ́wẹ́. Irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ fúyẹ́. A kò lè jù ú bí a ṣe ń ju ìwọ̀ olójé. Okùn ńlá tó nípọn, tí wọ́n fi ọ̀rá bò lára, ni apẹja ń jù. Ìwọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e lọ ni. Okùn ńlá yẹn nípọn débi pé a kò lè so ìwọ̀ mọ́ ọn tààrà: ẹja á rí i, á sì tún gbọ́ ariwo rẹ̀ bó ṣe ń balẹ̀. Okùn ìdí ìwọ̀ ló ń gba agbára lọ́wọ́ okùn ńlá, tó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ìwọ̀ láìjẹ́ kí ó kú lójú ọ̀nà, tó sì ń parí síbi tín-ín-rín tí ojú ẹja kò ní tètè mú. Ẹ wo pàṣán tí àwọn darandaran fi ń da màlúù. Ó nípọn nídìí, ó ń tín-ín-rín lọ sórí. Ọwọ́ kàn mì díẹ̀ ni, orí rẹ̀ ti dún. Bí ó bá nípọn dọ́gba láti ìdí dé orí, kò ní dún bẹ́ẹ̀. Bí okùn ìdí ìwọ̀ bá dọ́gba bákan náà, tó sì tín-ín-rín látòkè, ńṣe ló máa ká jọ sórí omi, ìwọ̀ á sì balẹ̀ sáàárín rẹ̀.

Kí náílọ́ọ̀nù tó dé, irun ìrù ẹṣin ni wọ́n ń lọ́ pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú The Compleat Angler tí Izaak Walton tẹ̀ jáde ní 1653: fọ́nrán púpọ̀ lókè, iye rẹ̀ á sì máa dín kù bí ó ti ń sún mọ́ ìwọ̀. Lẹ́yìn náà ni okùn tó ń ti inú kòkòrò sílíìkì jáde wá dé. Murcia, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ló lókìkí jù nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n á mú kòkòrò náà nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ilé rẹ̀, wọ́n á rì í sínú ọtí kíkan, wọ́n á fa àpò sílíìkì inú rẹ̀ yọ, wọ́n á nà án di fọ́nrán kan, wọ́n á sì sá a kí ó gbẹ. Àwa Yorùbá náà mọ kòkòrò tó ń hun sílíìkì, òun ló bí sányán tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ. Àwa kàn ń dúró kí ó hun ilé rẹ̀ tán ni.

Fọ́nrán tó ń jáde lára kòkòrò kan kì í sábà tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹni tó bá fẹ́ okùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án kò ní ṣàì so púpọ̀ pọ̀, nípọn sí nípọn díẹ̀, nípọn díẹ̀ sí tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni síso okùn ìdí ìwọ̀ ti di iṣẹ́ ọwọ́ tó ní òfin. Láti mú kí fọ́nrán tín-ín-rín sí i, wọ́n á fà á gba inú ihò tóóró kọjá lára irin pẹlẹbẹ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Iye ìgbà tí wọ́n fà á ló bí àmì X tí ẹ ṣì ń rí lára okùn tí ẹ̀ ń rà lónìí. Bí nọ́ńbà iwájú X bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni okùn ń tín-ín-rín sí i. Èyí tí wọ́n kọ 4X sí lára kò ju mìlímítà 0.18 lọ.

Ní 1935, Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà rí náílọ́ọ̀nù ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà kéde rẹ̀ ní 1938. Carothers ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, náílọ́ọ̀nù gba ipò kòkòrò. Ní 1971 ilé-iṣẹ́ Kureha ní Japan gbé okùn fluorocarbon jáde. Èyí kì í mu omi, ó wúwo ju náílọ́ọ̀nù lọ, ojú kì í sì í tètè rí i nínú omi. Ní báyìí okùn lè gùn tó bí a ṣe fẹ́, a kò sì nílò kókó nítorí kíkúrú fọ́nrán mọ́. Ilé-iṣẹ́ tiẹ̀ ń ṣe èyí tó ń tín-ín-rín fúnra rẹ̀ láìní kókó kankan. Kí ló dé tí a ṣì ń so ó nígbà náà?

Nítorí pé odò tútù, omi mímọ́ gaara, ẹja kékeré tó ń jẹ kòkòrò, ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà nínú ọ̀rá wà fún. Omi tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú sì ti dé bá etíkun wa. Ibùdókọ̀ òkun Lẹ́kí àti ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n ṣí méjèèjì ní 2023, kò jìnnà síbí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní àgbègbè yìí ló ń gbé ọ̀pá wá sí etí omi ní òpin ọ̀sẹ̀, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń ra ohun èlò wọn. Wọ́n á ra 4X nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú fídíò. Mìlímítà 0.18 kò tó nǹkan kan lójú ẹja eléyín bíi kúta, ìgbì Ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀ sì lè fi yanrìn bó o kí ẹja tó débẹ̀.

Charles Ritz, ọmọ ẹni tó dá hòtẹ́ẹ̀lì Ritz ìlú Paris sílẹ̀, ni wọ́n mọ ìlànà kan mọ́, ìlànà náà sì ṣì ń wúlò: ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn okùn náà yóò jẹ́ èyí tó nípọn, ìdá 20 yóò jẹ́ àárín, ìdá 20 tó kù yóò jẹ́ èyí tó tín-ín-rín jù. Láti inú ìlànà yẹn ni mo ti yọ èyí tí mo máa ń so fún ibí. Mítà 2.75 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Mítà 1.65 lára okùn mìlímítà 0.60, sẹ̀ǹtímítà 55 lára okùn 0.50, àti sẹ̀ǹtímítà 55 lára okùn 0.40. Kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 kún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí kókó á jẹ nínú rẹ̀. Okùn 0.40, bí ó bá jẹ́ ojúlówó, á gbé nǹkan bí kìlò mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Róòlù okùn 0.40 kan tó gùn ní mítà 100 á tó fún okùn ìdí ìwọ̀ tó lé ní 140. Ẹ fi ìyẹn wé owó ẹyọ kan tó wà nínú ọ̀rá.

Okùn tángọ́ọ̀sì tí àwọn tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ ń rà lọ́jà, ọ̀rá ni òun náà. Fún apá tó nípọn lókè, mo ti lò ó, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Fún apá ìsàlẹ̀, ẹ má lò ó. Ẹni tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ kò béèrè pé kìlò mélòó ni okùn rẹ̀ lè gbé, nítorí náà wọn kì í kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹ ra ti apẹja, èyí tí wọ́n kọ mìlímítà àti kìlò sí lára.

Ó wá ku kókó, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fún mi ní etí dáadáa. Okùn tó bá já kì í sábà já láàárín. Ìdí kókó ló ti ń já. Kókó tí mo yàn fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní kókó oníṣẹ́-abẹ, nítorí pé ó ń gba okùn méjì tí nínípọn wọn yàtọ̀ síra láìyọ̀. Ẹ gbé okùn méjèèjì lé ara wọn, kí orí wọn kọjú síra, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ré kọjá ara wọn. Ẹ mú méjèèjì papọ̀ bí ẹni pé okùn kan ni wọ́n, ẹ fi wọ́n ṣe ojóbó kan. Ẹ wá ki orí okùn tó nípọn, pẹ̀lú gbogbo gígùn okùn tín-ín-rín, gba inú ojóbó náà kọjá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ ti gé okùn tín-ín-rín kúrò lára róòlù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tí kò bá gé e á ní láti ki odidi róòlù gba inú ojóbó. Ẹ kì wọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí ó pé mẹ́ta. Ẹ fi itọ́ tutù ú. Ẹ wá di orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, kí ẹ máa fà wọ́n díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, títí kókó á fi dì. Ẹ gé ìrù rẹ̀ kúrú.

Itọ́ yẹn kì í ṣe àṣà lásán. Bí okùn ọ̀rá bá ń ha ara rẹ̀ nígbà tí a ń fà á, ooru ń dìde níbẹ̀, ooru náà sì ń ba ara okùn jẹ́ níbi gan-an tí agbára máa dà lé. Ẹni tó fa kókó gbígbẹ ní ìkánjú ti dín agbára okùn rẹ̀ kù kí ẹja tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ẹ fi aṣọ wé ọwọ́ kí okùn má baà gé yín, ẹ fà á gidigidi. Bí ó bá máa já, ilé ni kí ó ti já. Ẹ wo ibi tó já dáadáa. Bí orí rẹ̀ bá ká kóló, kókó yọ̀ ni, ẹ kò fà á dì tó. Bí ó bá já ṣáká, agbára okùn ló tán.

Kókó kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò so. Atẹ́gùn òkun máa ń fẹ́ wá bá wa ní ọ̀sán, ó sì máa ń gbé okùn kọjá ara rẹ̀ nígbà tí a bá ń jù ú, kókó kékeré kan á ta sára apá tín-ín-rín. Kókó yẹn lè dín agbára okùn kù dé bí ìdajì. Ẹ máa fi ìka wo okùn yín lóòrèkóòrè, àgàgà bí atẹ́gùn bá le. Bí ẹ bá bá a, ẹ má tú u kí ẹ sì máa lò ó lọ. Ẹ gé e, ẹ so tuntun. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èmi a máa dín gbogbo gígùn rẹ̀ kù sí mítà méjì, torí okùn gígùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ atẹ́gùn tó dojú kọni.

Ohun tí ìwé àwọn ará òkèèrè kò ní sọ fún yín ni ti koríko òkun. Láti 2011 ni koríko aláwọ̀ búráùn tí wọ́n ń pè ní sargassum ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní òkìtì-òkìtì. Ẹ̀yin tó ń fa àwọ̀n mọ ìyà rẹ̀ jù mí lọ. Lára okùn ìdí ìwọ̀, orí kókó ni koríko yìí ń jókòó sí. Kókó méjì, ìdì koríko méjì, kò sì sí ẹja tó máa gbé ìwọ̀ tó ń wọ́ koríko káàkiri. Nítorí náà, nígbà tí koríko bá wà nílẹ̀, mo máa ń kọ ìlànà Ritz sílẹ̀: ẹyọ méjì péré, 0.55 àti 0.40, kókó kan ṣoṣo láàárín wọn, kí ó wà lókè pátápátá níbi tó jìnnà sí ìwọ̀. Kì í balẹ̀ dáadáa tó ti ẹlẹ́yọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ń pẹja. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe ìpinnu yẹn fún yín ní àárọ̀ ọjọ́ tí koríko bá dé.

Bí a bá kẹ̀yìn sí òkun tí a lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀sà náà tẹ́ rẹrẹ, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 247 kìlómítà níbùú lóròó, ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìn tó mítà mẹ́ta. Odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀nì ló ń dà sínú rẹ̀. Níbi tí omi bá ti parọ́rọ́ tó sì mọ́, ẹja ń rí nǹkan, apá ìsàlẹ̀ okùn sì lè tín-ín-rín tó 0.25 fún ẹpìyà. Nígbà òjò, omi á dà rú, ewé omi tó kọ́kọ́ yọ sí wa ní ìhà Àgbádárìgì ní 1984 á sì máa léfòó kiri. Ẹ padà sí 0.40 nígbà náà. Ẹja kò ní rí okùn nínú omi ẹrẹ̀, ẹ̀yin sì máa nílò agbára láti fà á kúrò lábẹ́ gbòǹgbò ewé.

Fún ẹja eléyín, ọ̀rá nìkan kò tó. Kúta á gé 0.60 pàápàá. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan wáyà, láàárín ìwọ̀ àti okùn, ló yẹ ibẹ̀; wáyà ẹyọ kan, kí a lọ́ apá méjèèjì mọ́ ara wọn bákan náà, kí ó má jẹ́ pé ọ̀kan dúró ṣánṣán tí èkejì ń yí i ká. Ẹja tarpon, tó wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Senegal dé Àńgólà, kò ní irú eyín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ó ń ha okùn títí á fi já. Fún tirẹ̀, okùn ọ̀rá tó nípọn gan-an, èyí tó lè gbé kìlò 27 sí 36, ni wọ́n ń so sí ìdí ìwọ̀. Tarpon tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja, tó ń jẹ́ IGFA, Rubane ní Guinea-Bissau ni wọ́n ti mú un ní 2003, kìlò 130. Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan náà ni, ẹ̀yin ará mi. Òfin ẹgbẹ́ yẹn fún ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ ni pé okùn nípọn tó wà nídìí ìwọ̀ kò gbọdọ̀ ju ínǹṣì 12 lọ, apá tín-ín-rín tó wà lókè rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ínǹṣì 15. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wọ ìwé ní láti mọ bí a ṣe ń wọn okùn kí ó tó mọ bí a ṣe ń fa ẹja.

Ìtọ́jú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Oòrùn ń jẹ náílọ́ọ̀nù, omi sì ń dín agbára rẹ̀ kù bí ó bá mu ún. Inú agolo tó ní ìdérí, níbi tí oòrùn kò dé, ni kí ó máa gbé. Kì í ṣe iwájú mọ́tò lábẹ́ gíláàsì.

Àwọn àjákù tí ẹ bá gé nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù. Àwọn alábahun òkun ṣì ń gòkè wá yé ẹyin sí etíkun Lẹ́kí yìí. Okùn ọ̀rá kì í jẹrà. Èyí tí mo bá gé dànù lónìí, tó sì há mọ́ ẹsẹ̀ tàbí ọrùn ẹran omi, á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ti dàgbà. Ẹni tó ń so okùn fúnra rẹ̀ ń gé àjákù ju ẹni tó ń rà á lọ, nítorí náà ọrùn wa ni ẹrù yìí wà. Mo bẹ̀ yín, kí ìgò kan wà nínú àpò gbogbo ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí, kí gbogbo ìrù kókó máa wọ inú ìgò náà, kí ó sì bá a délé.

Tábìlì wà níta, okùn 0.60, 0.50 àti 0.40 sì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìgò fún àjákù. Mo ti bẹ àwọn bàbá wa tó ń tẹ́ okùn oníwọ̀ púpọ̀ pé kí wọ́n jókòó sí tábìlì àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń so okùn kékeré tiwọn hàn wá. Lẹ́yìn tiwọn ni èmi yóò fi kókó oníṣẹ́-abẹ hàn yín. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okùn 0.60 méjì tó dọ́gba. Ó rọrùn láti rí.